Ọ̀fẹ́ Tí A San Owó Rẹ̀: Ètò Ìrànwọ́ Ìjọba fún Ará Ìlú, pẹ̀lú Àpẹẹrẹ láti Iworo

Ìfáárà

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí ọ̀ràn kan tí ó kan gbogbo ilé, ṣùgbọ́n tí àwa onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé sábà máa ń fi èdè tí kò yé ará ilé sọ.

Ohun tí mo pè ní ètò ìrànwọ́ ni gbogbo ohun tí ìjọba ń fi owó àpapọ̀ ṣe kí ebi, àìsàn, àìmọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà àti ọjọ́ ogbó má baà sọ ẹnikẹ́ni di ẹni àánú. Ilé-ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ wà nínú rẹ̀. Ìwòsàn wà nínú rẹ̀. Oúnjẹ ọmọ ilé-ìwé àti owó tí a ń pín fún tálákà wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Láti ọdún 1955 títí di òní, oríṣiríṣi ètò báyìí ni ìjọba ti dá sílẹ̀ ní ilẹ̀ wa. Òmíràn pẹ́, òmíràn kò pé ọdún mẹ́ta. Kí ló fà á?

Èrò tèmi ni pé iye owó tí ìjọba kéde nìkan kọ́ ni ó ń mú kí ètò ìrànwọ́ pẹ́. Ohun méjì ni kí a wò: ibi tí owó náà ti ń wá, àti bóyá ẹni tí a ṣe é fún lè dìde béèrè rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀tọ́. Àwọn baba wa sọ pé odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ. Òwe yìí ni ìpìlẹ̀ gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ.

Mo mú Iworo gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ nítorí pé ó dà bí ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìlú mìíràn. Ó wà ní agbègbè ọ̀sà ní ìpínlẹ̀ Èkó, ní ọ̀nà tí ó yà ní Aradagun kúrò lójú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Àgbádárìgì. Ẹja, àgbọn, ẹ̀gẹ́ àti òwò kéékèèké ni ọ̀pọ̀ ènìyàn agbègbè náà fi ń jẹun. Ẹni tí ń ṣe irú iṣẹ́ báyìí kì í gba owó oṣù, kò sì sí iléeṣẹ́ kan tí ń tọ́jú owó ìfẹ̀yìntì fún un. Bí ètò ìrànwọ́ kan yóò bá wúlò rárá, irú wọn ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ wúlò fún.

Ohun Tí Ẹbí àti Àjọ Lè Ṣe

Kí ìjọba tó dé, ìrànwọ́ ti wà. Ẹbí wà, ọ̀wẹ̀ àti àáró wà, àjọ àti èésú wà. Bí àwọ̀n apẹja kan bá ya, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ yóò ràn án lọ́wọ́. Bí ìyá tí ń yan ẹja bá bímọ, àwọn ará ilé ọkọ rẹ̀ yóò gbé ohun jíjẹ wá. Èyí kì í ṣe àánú lásán. Ẹni tí ó ràn mí lọ́wọ́ lónìí mọ̀ pé ọ̀la lè jẹ́ tòun.

Ṣùgbọ́n àbùkù kan wà nínú ètò yìí tí a kò gbọdọ̀ fi pamọ́. Ìgbà tí wàhálà bá dé bá ènìyàn kan láàárín ogún ènìyàn ni ó ń ṣiṣẹ́. Bí omi ọ̀sà bá kún wọ ilé gbogbo, bí ẹja bá ṣọ̀wọ́n lọ́dún kan, tàbí bí àrùn bá mú igi àgbọn, ogún ènìyàn náà ni yóò wà nínú ìṣòro lọ́jọ́ kan náà. Ẹni tí ó yẹ kí ó yáni lówó yóò máa wá ẹni tí yóò yá òun náà. Àjọ a sì tú ká ní ọjọ́ tí a nílò rẹ̀ jù lọ.

Níhìn-ín ni ètò ọrọ̀ ajé ti rí ìdí àkọ́kọ́ tí ó fi yẹ kí ìjọba dá sí i. Àgbẹ̀ olókò kòkó ní Oǹdó àti apẹja ní Iworo kì í sábà pàdánù lọ́dún kan náà. Bí a bá so wọ́n pọ̀ mọ́ àpò kan, ẹni tí ọdún bá ṣẹnuure fún yóò gbé ẹni tí kò ṣẹnuure fún. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Ìdí kejì ni pé èrè ohun kan lè kọjá ẹni tí a ṣe é fún. Ọmọ tí a fún ní abẹ́rẹ́ àjẹsára kì í sábà kó àrùn náà ran ọmọ aládùúgbò. Ọmọ tí ó mọ̀wé yóò wúlò fún ìlú tí kò san owó ilé-ìwé rẹ̀. Bí a bá fi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ fún agbára òbí nìkan, ohun tí a óò rà nínú rẹ̀ yóò kéré sí ohun tí ìlú nílò.

Ẹ̀kọ́ Ọ̀fẹ́ ti Ọdún 1955

Àpò ńlá bẹ́ẹ̀ ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn gbìyànjú láti dá. Ẹ jẹ́ kí a rántí pé ìlú Èkó nìkan ni a yọ sọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí olú-ìlú àpapọ̀ ní ọdún 1954. Agbègbè Àgbádárìgì, tí Iworo wà nínú rẹ̀, wà lábẹ́ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ní Ìbàdàn títí a fi dá ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní ọjọ́ 27 oṣù May, 1967. Nítorí náà ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní January 1955 kan àwọn ọmọ etí ọ̀sà gẹ́gẹ́ bí ó ti kan ọmọ Ìbàdàn.

Ọdún 1952 ni S. O. Awókọ̀yà, tí í ṣe mínísítà ètò ẹ̀kọ́, gbé àbá náà síwájú ilé aṣòfin. Ibo ni owó yóò ti wá? Ìjọba kò fi ọ̀rọ̀ náà pamọ́. Wọ́n bu owó ẹ̀kọ́ àti ìlera, ṣílè mẹ́wàá àti sísì, lé owó orí. Inú bí àwọn ènìyàn. Wọ́n ń san owó, wọn kò sì tíì rí ilé-ìwé. Nígbà tí ìdìbò sí ilé aṣòfin àpapọ̀ dé ní ọdún 1954, ẹgbẹ́ NCNC ni ó borí ní Ìwọ̀-Oòrùn. Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ tí ó wà lórí oyè fìdí rẹmi.

Ọdún tí ó tẹ̀ lé e ni ilẹ̀kùn ilé-ìwé ṣí. Iye ọmọ tí ó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ jẹ́ 456,600 ní ọdún 1954. Ní ọdún 1955 ó di 811,432. Ní ọdún 1956 a tún dìbò ní Ìwọ̀-Oòrùn, Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ sì padà borí. Ará ìlú tí ó kọ owó orí nígbà tí kò rí ohun tí ó rà, kò kọ ọ́ mọ́ nígbà tí ó rí ọmọ rẹ̀ pẹ̀lú síléètì lọ́wọ́.

N kò sọ pé ètò náà kò ní àléébù. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ ni a gbà tí kò tíì kọ́ iṣẹ́ olùkọ́, yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ sì kún àkúnya. Yàtọ̀ sí owó orí, owó kòkó ni ó gbé ìjọba náà ró. Àjọ tí ń ra kòkó lọ́wọ́ àgbẹ̀ san owó tí ó kéré sí iye tí wọ́n tà á ní ọjà àgbáyé, ohun tí ó ṣẹ́kù sì di owó ìjọba. Owó orí mìíràn ni èyí, bí a kò tilẹ̀ pè é bẹ́ẹ̀. Nígbà tí owó kòkó já wálẹ̀ láàárín ọdún 1960 sí 1965, àgbẹ̀ gan-an ni ẹrù náà wó lé. Nígbà tí Àgbẹ́kọ̀yà dìde ní ọdún 1968, ọ̀rọ̀ owó orí ni wọ́n gbé jà. Ìyẹn fi hàn pé ẹni tí ń san owó a máa mọ̀ ọ́n lára, bí ó bá sì pọ̀ jù fún un, yóò sọ̀rọ̀.

Síbẹ̀, ẹ wo ohun tí ó kù. Ọ̀pọ̀ ìjọba ti rékọjá, ti sójà àti ti alágbádá. Ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tirẹ̀ ní September 1976. Alhaji Lateef Jákàńdè tún un ṣe ní ìpínlẹ̀ Èkó láti ọdún 1979, ó sì fòpin sí ètò kí apá kan máa wá sí ilé-ìwé láàárọ̀ kí apá kejì máa wá lọ́sàn-án. Òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ ti ọdún 2004 wá sọ ọ́ di dandan fún ọdún mẹ́sàn-án, ó sì ya ìdá 2 nínú 100 sọ́tọ̀ fún un láti inú àpò ìjọba àpapọ̀. Ìdílé olówó àti ti tálákà ni ó ti jẹ nínú rẹ̀, nítorí náà kò sí olóṣèlú tí ó lè dìde lónìí pé kí a pa á rẹ́. A lè ba ilé-ìwé jẹ́ nípa àìtọ́jú, ṣùgbọ́n a kò lè sọ fún òbí ní Iworo pé ọmọ rẹ̀ kò ní ẹ̀tọ́ sí i.

Ìrànwọ́ Tí Epo Rọ̀bì Ń San

Láti àárín ọdún 1970 síwájú ni epo rọ̀bì ti gba ipò kòkó àti owó orí. Láti ìgbà náà ni ìjọba ti lè ṣe inúure láì béèrè kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹni tí ó ń ṣoore fún. Ó dùn mọ́ ìjọba nínú, ó dùn mọ́ ará ìlú nínú. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò san nǹkan kan kò ní ìwé tí yóò fi béèrè ìṣirò. Nígbà tí owó epo já wálẹ̀ láàárín ọdún 1980 sí 1986, owó ilé-ìwé àti owó oògùn padà wá sí ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀.

Èyí tí ó tóbi jù nínú ìrànwọ́ epo ni owó tí ìjọba fi ń dín iye bẹntiróòlù kù títí di ọdún 2023. Ní ọdún 2022 nìkan, ó lé ní ₦4 trílíọ̀nù. Ta ni ó jẹ ẹ́? Ẹni tí ó ní ọkọ̀ mẹ́ta àti ẹ̀rọ amúnáwá ńlá ni ó ra epo jù, nítorí náà òun ni ìrànwọ́ náà pọ̀ jù fún. Apẹja tí ó ní ẹ̀rọ kékeré kan lẹ́yìn ọkọ̀ ojú omi rẹ̀ rí díẹ̀ níbẹ̀. Apá kan sì gba ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀ lọ sí Benin, níbi tí wọ́n ti ń tà á nínú ìgò lẹ́bàá títì, tí wọ́n ń pè é ní kpayo. Ní November 2019, ìjọba pàṣẹ pé kí a má ṣe gbé epo lọ sí ilé-epo tí kò jìnnà ju kìlómítà 20 lọ sí ẹnubodè. Ará agbègbè Àgbádárìgì tí kò ṣe fàyàwọ́ rí ni ó wá ń wá epo kiri.

Ní ọjọ́ 29 oṣù May, 2023, a kéde pé ìrànwọ́ epo ti dópin. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, lítà epo kan kúrò ní nǹkan tí kò tó ₦200, ó di ₦488 ní Èkó. Onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé lè fọwọ́ sọ̀yà pé ìrànwọ́ náà kò dára, èmi náà sì gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n owó ọkọ̀ tí ìyá ẹlẹ́ja ń san láti Iworo lọ sí ọjà Àgbálátà kò dúró de àríyànjiyàn wa. Ìrànwọ́ tí kò dára ni, síbẹ̀ òun ni ìrànwọ́ kan ṣoṣo tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fojú rí.

Orúkọ Inú Ìwé

Kí ni a fi rọ́pò rẹ̀? Owó pínpín fún ìdílé tálákà ni. Ètò náà ti bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2016, pẹ̀lú ₦5,000 lóṣù fún ìdílé kan. Ẹ̀yáwó láti Báńkì Àgbáyé àti owó Abacha tí ìjọba Switzerland dá padà ni ó gbé e ró. Ní ọdún 2023 ìjọba ṣèlérí ₦25,000 lóṣù fún oṣù mẹ́ta fún ìdílé mílíọ̀nù 15. Bí a bá ṣírò rẹ̀, ₦1.125 trílíọ̀nù ni gbogbo rẹ̀, kò tó ìdá kan nínú mẹ́ta ohun tí a ná lórí epo ní ọdún 2022.

Ìṣòro mẹ́ta ni mo rí níbẹ̀. Àkọ́kọ́ ni ti yíyan ènìyàn. Láti mọ tálákà, a ní láti mọ ohun tí ń wọlé fún un. Ìyá tí ń yan ẹja kì í kọ ìwé owó. Ó lè pa owó ńlá lọ́sẹ̀ yìí, kí ó má rí nǹkan kan ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ó tẹ̀ lé e. Bí a bá kọ orúkọ sílẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tí ó rí ṣe, ó di olówó. Bí ìlà tí a fà bá sì le jù, ẹni tí ó nílò yóò ṣẹ́kù síta. Bí ó bá dẹ̀ jù, ẹni tí kò nílò yóò wọlé. Ní July 2023 àwọn gómìnà fúnra wọn, nínú ìgbìmọ̀ ètò ọrọ̀ ajé orílẹ̀-èdè, sọ pé ìwé orúkọ náà kò ṣe é gbára lé. Ní January 2024 ìjọba dá àwọn ètò tí ó wà lábẹ́ àjọ NSIPA dúró fún ìwádìí. Nígbà tí owó pínpín tún bẹ̀rẹ̀, wọ́n béèrè nọ́ńbà ìdánimọ̀ NIN àti àkántì. Ó dára láti dènà olè, ṣùgbọ́n ẹni tí ó tálákà jù náà ni ó ṣeé ṣe jù kí ó má ní méjèèjì.

Ìṣòro kejì ni pé owó náà kò bá ọjà rìn. ₦5,000 ní ìparí ọdún 2016 jẹ́ bíi dọ́là 16 ní iye tí ìjọba ń pa á. Ní ọdún 2024, nígbà tí dọ́là kan súnmọ́ ₦1,500, ₦5,000 kan náà kò ju dọ́là 3 àti díẹ̀ lọ. Àní ₦25,000 tí a fi ariwo kéde kò ṣe ju kí ó dá agbára tí ₦5,000 àkọ́kọ́ ní padà. A pe èyí ní àfikún. Ní ti ètò ọrọ̀ ajé, ojú kan náà ni a ṣì wà.

Ìṣòro kẹta ni ó ká mi lára jù. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé mọ̀ pé ọwọ́ ẹlòmíràn ni yóò ti fi í sínú rẹ̀, ọwọ́ kan náà sì lè yọ ọ́. Ó di ẹni tí ń dúpẹ́. Aládùúgbò rẹ̀ tí kò sí nínú ìwé kò ní ìdí kankan láti gbèjà ètò náà ní ọjọ́ tí a bá fẹ́ pa á tì. Nítorí náà a lè dá a dúró ní January kí ẹnikẹ́ni má sì jáde sí ìgboro.

Iworo àti Ìjọba Ìbílẹ̀

Ẹ jẹ́ kí a padà sí ìlú tí a ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 2003 ìjọba Èkó pín ìjọba ìbílẹ̀ 20 sí ọ̀nà 57. Olórúndá, tí ọ́fíìsì rẹ̀ wà ní Iworo, jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tuntun 37. Ṣùgbọ́n Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ sọ ní ọdún 2004 pé ìdásílẹ̀ wọn kò tíì pé títí ilé aṣòfin àpapọ̀ yóò fi fọwọ́ sí i. Ìjọba àpapọ̀ tilẹ̀ dá owó ìjọba ìbílẹ̀ Èkó dúró, ó di ọdún 2007 kí ó tó tú u sílẹ̀. Owó tí ń bọ̀ láti Abuja, orúkọ Àgbádárìgì ni ó ń jẹ́; láti ibẹ̀ ni a óò ti pín in.

Ìdí tí mo fi sọ èyí ni pé ìjọba tí ó sún mọ́ ilé jù, tí ó yẹ kí ó mọ ẹni tí ń ṣàìsàn àti ọmọ tí kò lọ sí ilé-ìwé, ni àpò rẹ̀ tín-ín-rín jù. Ibi tí owó wà jìnnà sí ibi tí ìmọ̀ wà. Kò sí ìwé orúkọ tí a lè kọ ní Abuja tí yóò dí àlàfo yìí.

A sì máa ń gbọ́ pé tálákà kò san owó orí, nítorí náà kò lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ̀rọ̀. Irọ́ ni. Òfin owó orí tí a fọwọ́ sí ní June 2025 dá ẹni tí owó rẹ̀ kò ju ₦800,000 lọ lọ́dún sí kúrò nínú owó orí, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyá ẹlẹ́ja ń san owó ọjà, owó tíkẹ́ẹ̀tì wà nínú owó ọkọ̀ tí ó ń wọ̀, ìdá 7.5 nínú 100 sì wà lórí ọ̀pọ̀ ohun tí a ṣe ní iléeṣẹ́ tí ó ń rà. Owó ń jáde lọ́wọ́ rẹ̀ lójoojúmọ́. Ìwé tí yóò fi hàn án pé ó san án ni kò sí.

Ohun Tí Ó Yẹ Kí A Ṣe

Àbá mẹ́ta ni mo ní. Èkíní, kí owó tí kò pọ̀ kọ́kọ́ lọ sí ohun tí gbogbo ènìyàn ń lò: ilé-ìwé tí ó ní olùkọ́, ilé ìwòsàn tí ó ní oògùn. Àwọn kan yóò sọ pé ọmọ olówó yóò jẹ níbẹ̀ pẹ̀lú. Kí ó jẹ ẹ́. Owó orí ni a ó fi gbà á padà lọ́wọ́ baba rẹ̀, ohùn baba rẹ̀ yóò sì wà lára àwọn tí yóò pariwo bí oògùn bá tán.

Èkejì, bí a óò bá fún ènìyàn lówó, kí ó jẹ́ lórí ohun tí ojú rí, bí ọjọ́ orí, kí iye rẹ̀ sì máa gòkè bí ọjà bá ń gòkè. Ìjọba Èkìtì bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn arúgbó ní ₦5,000 lóṣù ní ọdún 2011. Ó rọrùn láti mọ arúgbó ju láti mọ tálákà lọ, a ó sì di arúgbó gbogbo wa bí Ọlọ́run bá fẹ́.

Ẹ̀kẹta, kí a so sísan mọ́ gbígbà. Òfin ètò ìlera Èkó ti ọdún 2015 ni ó bí Ìlera Èkó, níbi tí ènìyàn ti ń dáwó kí àìsàn tó dé. Bí ó bá jẹ́ aláìsàn nìkan ni ó ń wọlé, àpò yóò gbẹ. Ìdí nìyẹn tí àṣẹ July 2024 tí ó sọ ọ́ di dandan fi bójú mu. Àwọn tí ń dá àjọ ní etí ọ̀sà mọ ìlànà yìí kí àwa tó kọ ọ́ sínú ìwé. Ohun tí ó kù ni kí ìjọba san ti ẹni tí kò lè san, kí a sì lẹ iye tí ó wọlé àti iye tí ó jáde mọ́ ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì ní Iworo, ní èdè Yorùbá àti èdè Ègùn.

Ìkádìí

Abala 14 nínú ìwé òfin ọdún 1999 sọ pé ààbò àti ìgbé-ayé ìrọ̀rùn ará ìlú ni olórí iṣẹ́ ìjọba. Abala 6 inú ìwé òfin kan náà wá sọ pé a kò lè gbé ìjọba lọ sí kóòtù lórí irú ìlérí bẹ́ẹ̀. Bí kóòtù kò bá lè gbà á fún wa, ẹni tí ó mọ̀ pé owó òun ni wọ́n ń ná nìkan ni ó lè gbà á. Àwọn òbí ọdún 1954 mọ ṣílè mẹ́wàá àti sísì tí ó jáde lọ́wọ́ wọn, wọ́n bínú, wọ́n dìbò, wọ́n sì rí ilé-ìwé. Mo fẹ́ kí ìyá ẹlẹ́ja ní Iworo náà mọ iye tí ó ń san, kí ó bínú bí ó bá yẹ, kí ó sì rí ohun tí owó rẹ̀ rà.